Yèyé Mi Tó Ń Béèrè Pé Yèsí

Àgò la máa ń ké lẹ́nu ọ̀nà nílùú wa, ẹni tó wà nínú ilé á sì dáhùn pé, "Àgò yà." Yèyé tó bí bàbá mi kì í dáhùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ máa gbọ́ láti inú ilé rẹ̀ ní Ìdó ni, "Yèsí?", bí àwa ará Èkìtì ṣe ń béèrè pé ta ni. Bí ẹ bá ní, "Èmi ni," á ní gbogbo ayé ló ń jẹ́ èmi. Bí ẹ bá dárúkọ, á ní ẹnikẹ́ni lè gbé orúkọ rù. Ẹ ó máa sọ̀rọ̀ ni, nípa ọjà, nípa òjò, nípa orúnkún tó ń dùn yín, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ibi tí ó ti mọ̀ yín. Ìgbà náà ni yóò tó fa igi tó fi há ilẹ̀kùn.

Ojú Yèyé ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi. Olóde, ìyẹn ṣọ̀pọ̀ná, ló bá ilé wọn jà nígbà tí bàbá mi ṣì ń mu ọmú. Ó mú ojú lọ, ó fi ẹ̀mí sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn aládùúgbò ní àìríran ló sọ ọ́ di oníbéèrè. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbọ́n tó láti mọ̀ pé kì í ṣe olè ló ń ṣọ́ra fún. Ohun tó gbàgbọ́ ni pé ohùn lè kúrò lára ẹni tó ni ín, kó lọ wọ ara ẹlòmíràn, kí ẹni tó wọ̀ má sì mọ̀. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín rí. Mi ò fi rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá mi lọ sí Gọ́ọ̀lù-Kóòsì nígbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́, kò sì pa dà títí mo fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ọ̀sán gangan ló dé, àpótí páànù lórí, bàtà lẹ́sẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì ti yí pa dà, ó ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀ bí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Ó ké àgò. Yèyé ní, "Yèsí?" Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó ki ara rẹ̀ ní oríkì. Igi ilẹ̀kùn kò mira. Ó bẹ̀bẹ̀, inú bí i, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Nígbà tó yá, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ nínú oòrùn, gbogbo àdúgbò ń wò ó, ó sì bú sẹ́kún. Ẹkún náà kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Yèyé na ọwọ́ síta, ó fi wá ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹkún yẹn ni mo bí. Ohùn kejì yẹn, mi ò mọ yèsí tó ni ín."

Ẹ má rò pé ẹni líle ni. Kíjìpá ló ń hun, aṣọ tó nípọn tí àgbẹ̀ fi ń bo ara nígbà ọyẹ́. Òfì rẹ̀ dúró ti ògiri, ó sì máa ń jókòó síwájú rẹ̀ láti òwúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Àwọn ọmọbìnrin máa ń wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ra ohun tí oníkálukú hun lọ́jọ́ náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá eegun lára ẹja. Kì í sọ ibi tó bàjẹ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí aṣọ ọmọ kan wọ́ síhìn-ín wọ́ sọ́hùn-ún, tí ọmọ náà ti ń múra sílẹ̀ fún èébú. Ọwọ́ Yèyé kọjá lórí gbogbo rẹ̀ títí ó fi dé ibì kan tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ. Ó dúró. Ó mú ìka ọmọ náà, ó fi lé ibẹ̀. Ó ní, "Ibí ni ùwọ wà. Ìyókù ńkọ́, yèsí?" Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn. Èmi náà bojú wẹ̀yìn, ká má parọ́.

Bákan náà ló ń ṣe nídìí oúnjẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó bu òkèlè, yóò sọ ohun kan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe nǹkan kan, Yèyé á ní kó pa dà rin ọjọ́ náà lọ́kàn láti àárọ̀, kó wò ó dáadáa. Ọbẹ̀ ti tutù mọ́ mi lójú ju bí mo ṣe lè kà lọ. Mo máa ń kùn, mo máa ń sọ pé ilé àwọn ẹlòmíràn, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ iyán. Á ní, "Ẹni tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò máa fi jẹun."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá a jà déédéé, àbúrò rẹ̀ tí à ń pè ní Yèyé Kékeré. Onígbàgbọ́ gidi ni Yèyé Kékeré, kì í pa ìsìn jẹ. Òun ló ń mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rìn: òun níwájú, Yèyé lẹ́yìn, ọ̀pá kan láàárín wọn. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé Yèyé a máa dúró lójijì lójú ọ̀nà tí kò sí ènìyàn, a fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ní, "Ẹ máa lọ o," a sì dúró díẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá lè kọjá tán. Yèyé Kékeré ní ẹ̀gbọ́n òun ń kó ìtìjú bá òun lójú àwọn ará ìjọ. Lọ́jọ́ kan tí èmi pẹ̀lú wọn ń bọ̀ láti odò, ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Yèyé Kékeré ń pariwo pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, kò sẹ́nì kankan rárá. Yèyé gbọ́ ọ tán, ó fi ọ̀pá tọ́ igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ó dára. Kí ló wá gbé ùwọ náà wọ unú koríko?"

Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ọdún tí ogun àwọn òyìnbó sọ iyọ̀ àti karosíìnì di ohun tí à ń wá kiri ni mo ka ìwé mẹ́fà tán, tí ìjọ sì fi mí ṣe tísà sí Ẹ̀dá-Oníyọ̀. Kì í ṣe pé mo tó bẹ́ẹ̀. Tísà Sámúẹ́lì tó wà níbẹ̀ ló kú sẹ́nu iṣẹ́, ibà ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò dí àlàfo náà kíákíá. Wọ́n fi ohun mẹ́rin lé mi lọ́wọ́: aago ilé-ìwé, rẹ́jísítà, pàṣán, àti kóòtù dúdú kan tó so mọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí àwọn ẹbí Tísà Sámúẹ́lì kò tíì wá gbé. Ilé-ìwé náà kò ju yàrá alámọ̀ kan lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohùn mi kéré. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i, bí mo ṣe wà nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ń sọ tiwọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n bí Tísà Sámúẹ́lì ṣe ń ṣe é tí wọ́n fi ń gbọ́ràn. Inú wọn dùn láti sọ. Wọ́n ní á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Wọ́n ní á fi pàṣán gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ máa ń mú kí ewúrẹ́ tó wà níta dìde. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Mo wúkọ́, mo gbá tábìlì, mo ki ohùn bọ inú àyà kí ó lè jáde bíi ti àgbà. Nígbà tí ọyẹ́ wọlé, òtútù mú mi, mo gbé kóòtù náà wọ̀.

Idán ni. Gbogbo ilé-ìwé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rò pé mo ti di tísà.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ kì í wo ojú mi mọ́. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, òkè orí mi ni wọ́n ń wò, gbogbo wọn, ibì kan náà. Mo yíjú pa dà, ògiri ni mo rí. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùn, òun ló kéré jù nínú wọn, kì í sì í parọ́. Mo dá a dúró nígbà tí a jáde, mo bi í pé báwo ni Tísà Sámúẹ́lì ṣe ga tó. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó nàka sí ibi tí wọ́n ń wò náà gẹ́lẹ́.

Kò pẹ́ tí àwọn òbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn kúrò. Ìyá kan wá fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní kí n má bínú. Ó ní, "Ọmọ mi ní tísà méjì ló ń kọ́ àwọn. Ọ̀kan la gbà, Tísà." Àwọn ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo bá di mọ́kànlá. Alábòójútó ilé-ìwé gbọ́, ó kọ̀wé sí mi pé nígbà tí ọyẹ́ bá ń lọ òun ń bọ̀. Bí àwọn ọmọ kò bá tó ogún, tí wọn kò sì lè kàwé sétí òun, òun yóò ti ilé-ìwé náà pa, kí n gbé aago náà wá sí Ìdó. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èmi yóò pa dà sóko bàbá mi, ìyẹn ṣì dára. Ṣùgbọ́n Ìbídùn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní ilé-ìwé mìíràn tí ẹsẹ̀ wọn lè gbé wọn dé. Ẹ̀rù bà mí, mo sì tún fi kún ariwo náà. Mo ń wọ kóòtù kódà nígbà tí oòrùn bá mú.

Mo lọ sí Ìdó lọ́jọ́ Sátidé kan láti lọ sọ ẹ̀dùn ọkàn mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà Yèyé, mo ké àgò.

"Yèsí?"

Mo ní èmi ni, Àjàyí. Mo sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà, mo sọ̀rọ̀ nípa ọyẹ́, mo sọ ti ilé-ìwé. Mo ń dúró dé ìró igi ilẹ̀kùn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé Yèyé sún mọ́ ilẹ̀kùn náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ló fi pe ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, Yèyé tí kò pè mí ní ẹ̀yin láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà o, baba. Ẹ ti rìn jìnnà. Ọmọ mi dà?"

Mo pè é, mo pè é. Bí mo ṣe ń pè é, mo gbọ́ ohùn ara mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mélòó kan, ohùn ńlá, ohùn àyà, mo sì gbìyànjú láti gbé e sílẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Mi ò rí i. Mo wá a bí ènìyàn ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tó wà lórí ahọ́n. Kò sí níbẹ̀. Yèyé kò ṣílẹ̀kùn. Yèyé Kékeré ló gbé oúnjẹ jáde fún mi, kò sì wo ojú mi. Mo pa dà sí Ẹ̀dá-Oníyọ̀ láì rí Yèyé, mo sì ń bẹ̀rù láti la ẹnu mi lójú ọ̀nà.

Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, Yèyé kò kọjá ìpẹ̀kun oko Ìdó rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo rí àwọn arúgbó méjì lójú ọ̀nà Ẹ̀dá-Oníyọ̀, ọ̀pá kan láàárín wọn, eruku pupa dé orúnkún. Yèyé Kékeré ní láti àfẹ̀mọ́jú ni àwọn ti ń rìn. Ó ní òun sọ fún un pé òun ò lọ, òun ò lọ, òun bá ara òun níwájú ọ̀pá. Yèyé ò kí mi.

Nígbà tí mo lu aago lówùúrọ̀, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé pẹ̀lú igbá òwú rẹ̀. Ó dúró lórí ìloro, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó sì kọjú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí ìṣó kóòtù wà. Ó ní, "Tísà, ẹ kú uṣẹ́ o. Ẹ kú ulé. Mi ò bá ìjà wá. Ọmọ mi ni mo wá gbọ́." Àwọn ọmọ mọ́kànlá yí orí sí ìṣó náà lẹ́ẹ̀kan náà. Kóòtù kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo wọ̀ ọ́.

Ó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń ran òwú. Iṣẹ́ yẹn kì í pariwo. Mo kọ́ wọn títí di ọ̀sán. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ, ó na fọ́nrán òwú kan sí mi. Kókó kan wà lára rẹ̀, kókó kékeré tí kì í tú, tí ó ń fi ọwọ́ òsì nìkan ta nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá ń yí ìrànwú. Mo ti gbìyànjú láti kọ́ ọ ní kékeré, n kò rí i ta rí.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ ẹ lónìí."

Mo bi í pé ìgbà wo. Ó ní kí n lọ rin ọjọ́ náà lọ́kàn láti àárọ̀.

Mo rìn ín títí. Ó rẹ̀ mí. Mo ti fẹ́ sùn kí n tó rí i. Ìbídùn ni ìṣirò ń yọ lẹ́nu, ìyọkúrò, ó ń sunkún sórí síléètì rẹ̀. Mo ti lóṣòó tì í. Mo bi í pé iṣu mélòó ni ìyá rẹ̀ sun lánàá, àti mélòó ni ó kù nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde nídìí rẹ̀. Ó ní èèpo ló kù. A rẹ́rìn-ín. Ìyẹn nìkan.

Lọ́jọ́ kejì, mo mọ ohun tí màá ṣe. Mo lóṣòó ti gbogbo wọn, mo bi gbogbo wọn léèrè iṣu. Mo retí kókó bíi mẹ́wàá. Yèyé na òwú sí mi, kò sí kókó kankan lára rẹ̀. Inú bí mi, mo ní ṣebí ohun tí mo ṣe lánàá náà ni mo ṣe. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Àná ni o ń sín jẹ. Òkú tísà kan ò tó ẹ, o tún fi ara rẹ kún un."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo bọ́ kóòtù lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kẹta. Òtútù mú mi, mo sì gbàgbé láti ṣe nǹkan kan. Mo sọ ìtàn bí bàbá mi ṣe jókòó sórí àpótí níwájú ilé, mo ní kí wọ́n bá mi kọ orúkọ ohun tó wà nínú àpótí náà sórí síléètì. Kókó mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ń sọ̀rọ̀ ní ohùn kékeré mi, ọmọ kan tó wà lẹ́yìn kò gbọ́, ó dìde, ó sún mọ́ mi. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo wọn ti wà nílẹ̀ yí mi ká bí ẹni ń yáná, mo sì rí ojú wọn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè orí mi, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, títí ó fi dé ojú mi. Ìbídùn ló sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn. Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn, Yèyé ní, "Mo gbọ́ ẹ." Mo sunkún níwájú wọn, ojú kò sì tì mí.

Mo rò pé ó ti parí. Yèyé ní rárá, kí n gbé kóòtù náà wá. Ó fi ọwọ́ rà á, kọ́là, apá, àpò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sí ìgbọ̀nwọ́ òsì, níbi tí ẹnì kan ti fi abẹ́rẹ́ pa ihò kan dé pẹ̀lú sùúrù. Ó ní, "Ọkùnrin tí kò ní aya lọ́dọ̀ ló rán èyí. Ó gbìyànjú." Ó wá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tí Tísà Sámúẹ́lì ṣe dáadáa. Wọ́n tijú lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀kan ní ó gbé òun lẹ́yìn kọjá odò. Ọ̀kan ní ó kọ́ òun ní orúkọ òun. Ìbídùn ní nígbà tó bá na àwọn tán, á jókòó nìkan, á di orí mú. Mo kábàámọ̀ pé ariwo rẹ̀ nìkan ni mo bi wọ́n. Nígbà tí wọ́n sọ tán, Yèyé ká kóòtù náà sínú aṣọ funfun kí a lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí a ò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè lọ."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ti jáde lára ògiri. Orí ìloro ni mo ti bá a, orí rẹ̀ kọjú sí ìta. Yèyé Kékeré ní amọ̀ ògiri ló gbẹ nítorí ọyẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn òbí gbọ́, wọ́n ń dá ọmọ pa dà ní méjì méjì. Nígbà tí alábòójútó dé, ọmọ mẹ́rìnlélógún ló bá nílẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó ní kí n gbé ohùn sókè, òun ò gbọ́ mi. Mo dáhùn pé, "Bí ó ṣe mọ nìyí, sà." Nígbà tí àwọn ọmọ ń kàwé, ó ti fi àga sílẹ̀, ó ti wà láàárín wọn, etí rẹ̀ nílẹ̀. Ó kọ ohun kan sínú ìwé rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ aago náà mọ́. Aago náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Yèyé kú ní òjò tó kọjá yìí, lọ́sàn-án. Yèyé Kékeré nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní láti àárọ̀ ló ti ń kọjú sẹ́nu ọ̀nà tí kò sẹ́nì kan, tó ń béèrè, "Yèsí?", tí yóò dúró, tí yóò tún béèrè. Nígbà tí òjò dá, ó béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fetí sílẹ̀ pẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Há, ẹ̀yin ni. Ẹ wọlé." Yèyé Kékeré fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé òun fà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nídìí sàréè, nítorí pé èmi ni mo mọ̀wé. Èrò kún àgbàlá. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di bébà tí mo kọ mú, ọwọ́ òsì mi wà nínú àpò, níbi tí fọ́nrán òwú tí Yèyé fún mi lọ́jọ́ kẹrin yẹn ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀ máa ń wà. Kókó mọ́kànlélógún ló wà lára rẹ̀. Mo ti kà á ju bí mo ṣe ka orin ìjọ lọ. Ẹ̀rù èrò bà mí. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo la ẹnu, ohun tó jáde sì jẹ́ ohùn ńlá, ohùn àyà, tí mi ò gbọ́ láti ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn ènìyàn dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rí àwọn tó wà níwájú tí ojú wọn ń gòkè kúrò lójú mi.

Lẹ́bàá òkú, Yèyé Kékeré onígbàgbọ́ gbé orí sókè. Kò pariwo. Ó ní, "Yèsí?"

Mo dákẹ́. Mo ká bébà náà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ ní ohùn mi, èyí tó kéré, mo sọ fún wọn nípa obìnrin kan tí kì í ṣílẹ̀kùn, àti nípa ọbẹ̀ tó tutù. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́, wọ́n sún mọ́ iwájú. Mo sọ ọ́ tán, a sin ín.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn túká, mo yọ òwú náà síta. Kókó méjìlélógún ni. Èyí tó kẹ́yìn kéré, ó le, irú èyí tí à ń fi ọwọ́ òsì nìkan ta. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, mo sì dá a pa dà sínú àpò. Mi ò béèrè pé yèsí.